Mo ń kọ ìtàn àròsọ lórí àwọn ọmọ Mẹ́síkò tó lọ ṣiṣẹ́ ní Indiana ní 1919: ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ ńkọ́?

Kàlámù · Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń kọ ìtàn àròsọ kan, mo sì ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti há mi lọ́fun. Ìtàn náà kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Refugio ni mo sọ ọkùnrin inú rẹ̀, ọmọ Arandas ní ìpínlẹ̀ Jalisco, lórílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Ogun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1910 láti lé Porfirio Díaz kúrò nípò ti di ogun ta-ló-lágbára-jù, ẹran ọ̀sìn ti tán, àgbàdo ti wọ́n. Ní 1919, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Cleofas, gba El Paso kọjá sí Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ kiri fún oníléeṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní enganchador, kó wọn sínú rélùwéè, ó di Indiana Harbor létí adágún Michigan, níbi tí Inland Steel ti ń yọ́ irin. Ìgbà tí wọ́n débẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ irin ti yanṣẹ́lódì láti oṣù kẹsàn-án, àti pé àwọn ni wọ́n fẹ́ fi dí àyè wọn.

Refugio fi Eulalia, ìyàwó rẹ̀, sílẹ̀ ní Arandas pẹ̀lú ọmọ méjì. Cleofas mú ìyàwó tirẹ̀ dání, wọ́n sì bí Lupe sí Indiana ní 1921.

Àwọn tó ti bá mi kà á sọ pé apá Indiana ń jó lala, ṣùgbọ́n apá Arandas tutù bí omi inú àmù. Mo gbà fún wọn. Ẹ wo ibi tí lẹ́tà ọkọ dé:

*"Eulalia jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó tú lẹ́tà náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Refugio ní yìnyín ti bo adágún, ní ara òun le, ní ojú rẹ̀ ni òun ń rí lálaalẹ́. Ó fi lẹ́tà náà mọ́ àyà, ó sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ náà ló ti ń dúró."*

Kí ni mo ṣe tí ilé fi kú mọ́ mi lọ́wọ́ báyìí? Ẹ má fi bò fún mi.

Tíṣà_Ìtàn · Ọjọ́ Ajé, 9:02 alẹ́

Kàlámù, o kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àgbà ni mí, mi ò ní tàn ọ́. O gbé obìnrin yẹn jókòó, o ní kó máa dúró. Ìlú tó ń gbé kò dúró ní tirẹ̀. Ọkọ ń yọ́ irin ní Indiana lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú iná ni ìyàwó náà wà nílé.

Arandas wà ní Los Altos, ilẹ̀ òkè Jalisco, àwọn ará ibẹ̀ kò sì fi ìjọ Àgùdà ṣeré rárá. Ní 1926, Ààrẹ Plutarco Elías Calles gbé òfin kan jáde tó fún ìjọ náà lọ́rùn: gbogbo fadá gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, fadá tó bá sì wọ aṣọ oyè rẹ̀ jáde sígboro yóò sanwó ìtanràn. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù náà fárígá, wọ́n dá ìsìn dúró ní gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì orílẹ̀-èdè náà nígbà tí oṣù keje ń parí lọ. Rò ó wò ná. Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi dé, kò sí Máàsì. Ta ni yóò ṣe ìrìbọmi fún ọmọ tuntun? Ta ni yóò ta òróró sí ẹni tó ń kú lọ lára? Yàrá ẹ̀yìn ilé onílé ni fadá ti ń ṣe Máàsì ní bòókẹ́lẹ́, àwọn obìnrin ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Kò pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ fi gbé ìbọn. Cristero ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí "Viva Cristo Rey" ni igbe ogun wọn: kí Kristi Ọba kí ó pẹ́. Ní 1927, ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn ará abúlé Los Altos kó kúrò lóko wá sínú ìlú tí ṣọ́jà ń ṣọ́, kí àwọn ọlọ́tẹ̀ má baà rí oúnjẹ jẹ. Ẹni tí wọ́n bá bá lóko lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n dá, ọ̀tá ni. Àgbàdo dúró lóko, olóko wà nígboro, ọwọ́ kò tó o. Oṣù kẹfà ọdún 1929 ni ìjọba àti ìjọ tó parí ìjà.

Àwọn obìnrin kò sì kàn wòran. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1927, Brigadas Femeninas, ọta ìbọn ni wọ́n ń dì sínú ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ gbé lọ fún àwọn tó wà lórí òkè. Mi ò ní kí o sọ Eulalia di jagunjagun o. Ohun tí mo ń sọ ni pé, bí Refugio bá kọ̀wé pé yìnyín bo adágún, kí ni obìnrin tí kò lè dé oko rẹ̀ fẹ́ fi yìnyín ṣe?

Fún un ní ìdajì ìwé náà. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ìyá_Ìbejì_Houston · Ọjọ́ Ajé, 11:40 alẹ́

Tíṣà, ẹ ṣeun sà. Àbúrò mi Kàlámù, ìbéèrè kan ṣoṣo ni tèmi: ta ló ka lẹ́tà yẹn fún un?

O ní ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Obìnrin oko ní Mẹ́síkò láyé ìgbà yẹn, púpọ̀ nínú wọn ni kò mọ̀wé. Ọkọ gan-an lè má mọ̀ ọ́n. Lóòótọ́, òfin Amẹ́ríkà ti 1917 ní ẹni tó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ lè kàwé ní èdè kan, kó sì san dọ́là 8. Ṣùgbọ́n àwọn olóko ńlá àti àwọn onírélùwéè pariwo pé àwọn nílò òṣìṣẹ́, ìjọba sì yọ àwọn òṣìṣẹ́ oko àti ti rélùwéè láti Mẹ́síkò sílẹ̀ nínú òfin náà títí di 1921. Ọ̀pọ̀ ló gba ibẹ̀ wọlé láìmọ A yàtọ̀ sí B. Ẹni kan ló kọ lẹ́tà yẹn fún Refugio ní Indiana, ẹlòmíràn ló kà á fún Eulalia ní Arandas. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya gba ẹnu ẹni méjì kọjá kó tó dé etí ìyàwó. Ṣé o rí i pé ìyẹn yí gbogbo ẹ̀ padà?

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Bàbá wa wà ní London, a wà ní Iléṣà, màmá wa kò mọ̀wé. Èmi ni mo ń ka lẹ́tà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bí mo bá ti dé ibi tí bàbá kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí, ojú á tì mí, mo á fò ó. Ní ọjọ́ kan, màmá kò gbójú kúrò lára ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà, wọ́n ní, "Ibi tí o fò yẹn, padà síbẹ̀." Gbogbo ara mi gbọ̀n. Wọ́n ti ń ṣọ́ ojú mi láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n mọ ìgbà tí ó bá fo ìlà.

Kàlámù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀

Ìyá Ìbejì, mi ò tètè sùn lánàá lórí ọ̀rọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ yá ojú ọmọ tó ń fo ìlà yẹn. Bí ẹ bá ní kí n má lò ó, mi ò ní lò ó.

Tíṣà, ẹ ṣeun sà. Mo mọ̀ nípa ogun Cristero, ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ di ìròyìn tí Refugio ń gbọ́ lókèèrè. N kò jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Ìyá_Ìbejì_Houston · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀

Lò ó, ọmọ mi. Màmá á gbádùn ẹ̀ lọ́run.

Ẹ̀bá_Adágún · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:22 ọ̀sán

Mo gbé East Chicago, ìlú tí Indiana Harbor jẹ́ apá kan rẹ̀, fún ọdún mẹ́ta, Indiana Harbor ò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ mi. Afẹ́fẹ́ adágún yẹn kì í kí èèyàn kó tó wọlé sí i lára. Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan díẹ̀ kún ti Refugio, torí apá yẹn náà nílò ilé nínú.

Àdúgbò wọn ni Block Avenue àti Pennsylvania Avenue, lẹ́bàá géètì iléeṣẹ́ irin. Ilé àyágbé ni àwọn àpọ́n ń gbé, ibùsùn kan sì ń gba ẹni méjì: bí ẹni tó ṣiṣẹ́ òru bá wọlé láàárọ̀, ẹni tó fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ọ̀sán á dìde fún un. Aṣọ ìbora kì í tutù. Fi èyí sínú ìwé rẹ. Ọkùnrin tó ní ilé àti ìyàwó ní Arandas, kò ní ibi tó lè fi orí lé ní Indiana tí ẹlòmíràn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orí kúrò níbẹ̀.

El Paso náà, má ṣe sáré kọjá níbẹ̀. Láti 1917 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ibodè ti ń bọ́ àwọn ọmọ Mẹ́síkò sí ìhòòhò, wọ́n ń wá iná, kòkòrò inú irun, lára wọn. Ẹni tí wọ́n bá rí iná lórí rẹ̀, kẹrosíìnì àti fínígà ni wọ́n fi ń fọ irun rẹ̀. Aṣọ á lọ sínú ẹ̀rọ olóoru, á jáde ní rírún wómúwómú. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní 1917, ọmọbìnrin ọdún 17 kan, Carmelita Torres, tó ń wọ ọkọ̀ gba orí afárá láti Juárez, ìlú Mẹ́síkò tó kọjú sí El Paso, lọ tún ilé ṣe fún àwọn èèyàn ní El Paso, ní òun kò wẹ irú ìwẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin yòókù nínú ọkọ̀ náà gbà pẹ̀lú rẹ̀, kó tó di ọ̀sán wọ́n ti di orí afárá náà pa. Ìwẹ̀ náà kò dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà. Refugio tó kọjá ní 1919 wẹ̀ ẹ́. Ṣé ó sọ fún Eulalia nínú lẹ́tà? Lójú tèmi, kò sọ ọ́ títí ó fi kú.

Owó ńkọ́? Ìwé owó ìfiránṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní giro. Manuel Gamio, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Mẹ́síkò, lo àwọn ìwé yẹn ní nǹkan bí 1926 láti fi mọ ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ náà ti wá. Ó tọpa owó dé ilé. Michoacán, Guanajuato àti Jalisco ló gbà á jù. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn púpọ̀. Ẹni tó bá sọ ní ibodè pé òun kò ní ẹnì kankan, owó rẹ̀ á sọ òótọ́.

Ohun kan tún kù: wọn kì í ṣe aláìmọ nǹkan níbẹ̀ o. Àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà láàárín wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Indiana Harbor ní 1925, Círculo de Obreros Católicos San José, wọ́n sì ní ìwé ìròyìn tiwọn ní èdè Sípéènì, El Amigo del Hogar. Ẹni tí kò mọ̀wé, wọ́n á kà á fún un. Ohun tí Calles ń ṣe, Refugio á gbọ́. Ohun tí Eulalia ń jẹ ní alẹ́ yẹn ni kò ní gbọ́.

Akéwì_Ọ̀sán · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà, mo ní èrò mìíràn. Ṣé kò ní dáa kí ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀ ní 1942? Ìgbà náà ni Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò fọwọ́ sí àdéhùn Bracero, láti máa gba òṣìṣẹ́ láti Mẹ́síkò, ó sì ṣiṣẹ́ títí di 1964, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ìwé iṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí. Àwọn ọkùnrin nìkan ni wọ́n gbà, oṣù díẹ̀ ni wọ́n fún wọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ padà sílé. Gbogbo ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀nà àjò ti wà nínú àdéhùn yẹn fúnra rẹ̀. Ẹ wo ti owó tí wọ́n yọ: láàárín 1942 sí 1949, wọ́n ń yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó iṣẹ́ wọn, wọ́n ní àwọn ń fi pamọ́ fún wọn sí báǹkì ní Mẹ́síkò. Ọ̀pọ̀ kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ó di 2005 kí ìjọba Mẹ́síkò tó ya owó sọ́tọ̀, pẹ́sò 38,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá lè mú ìwé rẹ̀ wá. Arúgbó ọgọ́rin ọdún ń wá bébà tó gbà nígbà tó wà lọ́mọ ogún!

Tíṣà_Ìtàn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Akéwì, òótọ́ lo sọ, ìwé ọ̀tọ̀ sì ni. Ẹ tún fi èyí kún un: ní oṣù kejì 1943, òkè oníná Paricutín là nínú oko àgbàdo kan ní Michoacán, eérú bo abúlé mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí oko wọn ṣègbé ló gba iṣẹ́ Bracero. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lábẹ́ eérú, wọ́n ní kó fọwọ́ sí i pé òun á padà sílé. Mi ò mọ òǹkọ̀wé tí èyí kò ní dùn mọ́. Ṣùgbọ́n tí Kàlámù bá fi 1919 sílẹ̀, Lupe á sọnù, Lupe gan-an sì ni mo ń dúró dè.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́ · Ọjọ́rú, 10:10 àárọ̀

Lupe ló fà mí wọlé o. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń kà yín, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, ọmọ Mẹ́síkò ni wọ́n kọ́kọ́ nàka sí. Ní Los Angeles, ọjọ́ 26 oṣù kejì 1931, àwọn agbófinró dí gbogbo ẹnu ọ̀nà La Placita, gbàgede tí àwọn ọmọ Mẹ́síkò ti ń ṣe fàájì, wọ́n sì há nǹkan bí 400 èèyàn mọ́ ibẹ̀, wọ́n ń bi wọ́n ní ìwé ìgbélùú. Ní East Chicago, ibi tí Refugio wà gan-an, àwọn American Legion, ẹgbẹ́ àwọn tó ti jagun rí, bá àwọn aláṣẹ ṣètò rélùwéè ní 1932. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan èèyàn tí wọ́n kó lọ. Wọ́n ní àtinúwá ni. Ẹni tó ń gba oúnjẹ ìrànwọ́ lọ́wọ́ wọn, báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé òun ò lọ? Kárí Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tó lọ ló jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí sílẹ̀ náà, ọmọ onílùú ni wọ́n lábẹ́ òfin. Ìpínlẹ̀ California ṣe òfin ní 2005 láti tọrọ àforíjì.

Lupe ti pé ọmọ ọdún 11. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ilé wo?

Mo mọ̀ ọ́n, nítorí Kumasi ni wọ́n bí mi. Oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n kúrò ní Gánà. Bàbá mi ti tajà níbẹ̀ láti kékeré. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, Twi lẹnu mi mọ̀ jù. A dé Ògbómọ̀ṣọ́ lóru. Ìyá bàbá mi, tí mo gbọ́ orúkọ wọn ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, jáde pẹ̀lú àtùpà, wọ́n ń kì mí ní oríkì. Mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn bàbá mi ni mo sá sí. Mo rí i tí ọwọ́ ìyá àgbà tó fẹ́ gbá mi mọ́ra dúró sí afẹ́fẹ́.

Nílé ẹ̀kọ́, "ọmọ Gánà" ni wọ́n ń pè mí títí mo fi jáde ìwé mẹ́wàá. Kàlámù, má ṣe jẹ́ kí Lupe fi ayọ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú rélùwéè yẹn.

Akéwì_Ọ̀sán · Ọjọ́rú, 10:41 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an, sà. Ṣé ti "Ghana Must Go" nìyẹn, ti àpò yẹn?

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́ · Ọjọ́rú, 10:55 àárọ̀

Rárá o, ìyẹn ni 1983, nígbà tí àwa náà lé wọn. Tiwa ni ti 1969. Inú àpótí pákó ni ẹrù wa wà, àpótí náà ṣì wà nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Tíṣà_Ìtàn · Ọjọ́rú, 2:15 ọ̀sán

Mo ti ń ronú sí ọwọ́ tó dúró sí afẹ́fẹ́ yẹn láti àárọ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ fún wa.

Kàlámù, ohun kan ló kù tí mo fẹ́ fún ọ. Ní Los Altos kan náà, ìlú San Juan de los Lagos wà, ère Màríà kékeré kan ló wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn lọ bẹ̀, àgàgà ní ọjọ́ 2 oṣù kejì. Wọ́n ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ níbẹ̀. Manda ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ̀bẹ̀ bá gbà, wọ́n á san ẹ̀jẹ́ náà pẹ̀lú àwòrán tí wọ́n kùn sórí páànù pẹlẹbẹ, ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ nísàlẹ̀, wọ́n á gbé e kọ́ sí ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó lọ sí Amẹ́ríkà náà wà lára àwọn tó kùn ún, àti ìyàwó wọn, àti ìyá wọn: ẹni tí rélùwéè fẹ́ pa, ẹni tó yè nínú àìsàn nílẹ̀ òkèèrè.

Jẹ́ kí Eulalia jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Refugio. Ayàwòrán tó fẹ́ kùn ún kò rí iléeṣẹ́ irin rí láyé, ohun tí Eulalia bá júwe fún un ló máa yà, Eulalia náà kò sì rí i rí. Á dà bí ilé ìdáná ńlá. Lọ́jọ́ kan, kí Lupe tí wọ́n bí sí ẹ̀gbẹ́ iléeṣẹ́ náà dúró níwájú páànù yẹn, kó mọ̀ pé ilé òun ni wọ́n fẹ́ yà.

Kàlámù · Ọjọ́bọ̀, 11:58 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ya ojú ewé àtijọ́ yẹn dànù. Páànù Tíṣà á wà ní orí tó kẹ́yìn, àpótí pákó á bá Lupe wọ rélùwéè. Ẹ bá mi wo èyí. Ọdún 1927 ni, wọ́n ti kó wọn kúrò lóko.

*"Ìdílé mẹ́rin ló wà nínú àgbàlá náà. Kọ́kọ́rọ́ ilé oko ṣì wà ní ìdí Eulalia, ó ń lu egungun itan rẹ̀ bó bá ń rìn. Chayo, ọmọ olówò iyọ̀, jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó tú lẹ́tà. Owó ìfiránṣẹ́ wà nínú rẹ̀, dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Gbogbo àgbàlá dákẹ́.*

*'Ó ní ara òun le. Ó ní òtútù ti dé. Ó ní kí ẹ fi mẹ́ta nínú owó yìí fún ìyá òun.' Ojú Chayo fo ìlà kan. 'Ó ní ẹ kí gbogbo ilé.'*

*'Padà síbi tí o fò.'*

*Ọmọ náà wo àwọn tó yí wọn ká, ó rẹ ohùn sílẹ̀. 'Ó ní bí òun bá sùn lọ́sàn-án, agogo ṣọ́ọ̀ṣì Arandas ni òun ń gbọ́ lójú oorun. Ó ní tí ẹ bá ń gbọ́ agogo láàárọ̀, kí ẹ mọ̀ pé òun náà ń gbọ́ ọ.'*

*Ó ti lé ní ọdún kan tí kò ti sí Máàsì. Ẹnì kankan kò sọ̀rọ̀. Eulalia ní kí Chayo mú kálámù.*

*'Kọ ọ́ pé ara wa le. Kọ ọ́ pé àwọn ọmọ ń dàgbà. Kọ ọ́ pé màlúù rẹ̀ ti bímọ, abo ni.'*

*Chayo gbójú sókè. Òun náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn ṣọ́jà fa màlúù náà lọ.*

*'Kọ ọ́,' ni Eulalia wí."*